Ta Ni À Ń Bẹ̀rù? Bí Ẹgbẹ́ Ṣe Lè Yan Ibi Tí Yóò Ti Máa Sọ̀rọ̀ Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

  Ọ̀rọ̀ fóònù ni mo fẹ́ sọ, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì gbà pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Ó ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ẹgbẹ́ wo ló kù nínú wa tí kì í ṣe orí fóònù ló ti ń pe ìpàdé, tó ti ń gba owó oṣù, tó ti ń túfọ̀, tó sì ti ń parí ìjà?

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Bí ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ yan ibi tí yóò ti máa sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè pa á lẹ́nu mọ́, tí kò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ́ sí etí tí kò yẹ, kí ni ó yẹ kó kọ́kọ́ wò? Àwọn tó ń bi mí ní ìbéèrè yìí máa ń fẹ́ kí n dárúkọ áàpù kan. "Ṣé Signal ni, àbí Telegram?" Ìdáhùn mi ni pé kí a fi orúkọ áàpù sílẹ̀ ná, kí a kọ́kọ́ dárúkọ ẹni tí a ń bẹ̀rù. Ẹgbẹ́ tí kò tíì mọ ẹni tó lè ṣe é ní jàǹbá, àti irú jàǹbá tí onítọ̀hún lè ṣe, kò lè mọ ojú òpó tó yẹ ẹ́. Ohun tí mo wá fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ nìyẹn.

1. Ohun tí à ń wá

Ohun méjì ni àwọn èèyàn ń pa pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n. Èkíní, kí ojú òpó má ṣeé tì pa. Èkejì, kí ó lè pa àṣírí mọ́. Ojú òpó tí kò ṣeé tì pa ni èyí tó jẹ́ pé bí ìjọba, ilé-iṣẹ́ tàbí alágbára kan bá pàṣẹ pé kí ọ̀rọ̀ dúró, ọ̀rọ̀ kò ní dúró. Ojú òpó tó ń pa àṣírí mọ́ ni èyí tí ẹni tí a kò fi ọ̀rọ̀ lọ̀ kò lè rí ọ̀rọ̀ náà.

Wọn kì í sábà rìn pọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn pa ajàfẹ́tọ̀ọ́ Kudirat Abiola ní Èkó ní ọdún 1996, rédíò kan tó ń bá ìjọba ológun Abacha jà láti òkè òkun gba orúkọ rẹ̀. Rédíò náà kò wá àṣírí kankan, etí gbogbo ayé ló fẹ́. Ohun tó wá ni kí apá ológun má ká ohùn òun. Ẹ wá wo WhatsApp. Ó ń ti ọ̀rọ̀ mọ́lé dáadáa, síbẹ̀ adájọ́ kan ní Brazil tì í pa fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà ní oṣù Kejìlá ọdún 2015. Òmíràn tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016, òmíràn sì tún ṣe é ní oṣù Keje ọdún kan náà. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé kò kó ohun tí ilé ẹjọ́ ń béèrè nípa àwọn afurasí kalẹ̀. Àṣírí tó pa mọ́ gan-an ló jẹ́ kí wọ́n tì í.

Àṣírí fúnra rẹ̀ tún pín sí méjì: ohun tí a sọ, àti ẹni tó bá ẹni sọ ọ́. Èyí èkejì ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kì í rántí. Bí agbófinró kò bá tilẹ̀ rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kà, bí ó bá ti mọ̀ pé èèyàn ogójì wà nínú gúrúùpù kan, tó mọ orúkọ wọn, tó sì mọ̀ pé aago méjìlá òru ni wọ́n máa ń sọ̀rọ̀, ohun tó mọ̀ ti tó fi mú wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìpín yìí sọ́kàn, torí yóò padà wá.

2. Ọwọ́ ìjọba

Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà ọdún 2021, Twitter pa ọ̀rọ̀ kan tí Ààrẹ Muhammadu Buhari kọ rẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin, Lai Mohammed tó jẹ́ mínísítà fún ìròyìn nígbà náà kéde pé ìjọba àpapọ̀ ti dá Twitter dúró ní Nàìjíríà. Ilé-iṣẹ́ fóònù gba àṣẹ, wọ́n sì dènà rẹ̀. Ẹni tó bá ṣí i, àmì róbótó kékeré kan ni yóò máa yí lójú fóònù rẹ̀ títí yóò fi sú u. Mínísítà fún ètò ìdájọ́ ní kí wọ́n gbé ẹni tó bá tún lò ó lọ sílé ẹjọ́. Kí ni àwọn ọ̀dọ́ ṣe? Wọ́n gbé VPN sórí fóònù, ìyẹn ètò tó ń mú èèyàn gba orílẹ̀-èdè mìíràn kọjá, tí ilé-iṣẹ́ fóònù tó wà nílé kò fi ní mọ ibi tó ń lọ. Ọ̀rọ̀ ń bá a lọ. Ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kìíní ọdún 2022 ni ìjọba tó ṣí i padà, Ilé Ẹjọ́ ECOWAS sì dájọ́ ní oṣù Keje ọdún náà pé ìdádúró yẹn kò bófin mu.

Ìdájọ́ dára, ṣùgbọ́n ó dé lẹ́yìn tí ọjà ti tú. Oníṣòwò tó jẹ́ pé Twitter nìkan ló fi mọ oníbàárà rẹ̀ kò ní ibi tó máa lọ wá wọn sí láàárín oṣù méje. Ẹni tó ní nọ́ńbà wọn lọ́wọ́ ń tajà lọ.

Àmọ́, ìjọba tó ń ti ojú òpó kan pa yàtọ̀ sí ìjọba tó ń já gbogbo okùn. Ní Togo, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, nígbà tí àwọn èèyàn jáde ta ko ìjọba Faure Gnassingbé, íntánẹ́ẹ̀tì ni ìjọba já. Ilé Ẹjọ́ ECOWAS dá àwọn olùpẹ̀jọ́ láre ní oṣù Kẹfà ọdún 2020. Ní orílẹ̀-èdè Benin, ọjọ́ ìdìbò ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹrin ọdún 2019, ohun kan náà ṣẹlẹ̀. Àwọn ará wa ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ wà lára àwọn tí ó kàn. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, VPN kò wúlò, torí kò sí ọ̀nà tí yóò gbà rárá.

Àwọn áàpù kan wà tó ń gbé ọ̀rọ̀ láti fóònù kan sí èkejì láìlo íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń gba Bluetooth tàbí Wi-Fi. Briar jẹ́ ọ̀kan. Ó wúlò láàárín èrò tó péjọ sójú kan. Kò lè gbé ọ̀rọ̀ láti Ìbàdàn dé Òṣogbo lọ́jọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì bá já. Òmíràn ni Bridgefy, tí àwọn olùfẹ̀hónúhàn ní Hong Kong gbára lé ní ọdún 2019. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ní Royal Holloway, ní yunifásítì London, yẹ̀ ẹ́ wò ní ọdún 2020, wọ́n rí i pé ẹni tó bá mọ iṣẹ́ lè ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ó sì lè mọ ẹni tó ń bá ẹni sọ̀rọ̀. Àwọn olùfẹ̀hónúhàn gbé e nítorí pé kò ṣeé tì pa, wọ́n sì rò pé ó ń pa àṣírí mọ́. Ìpín tí mo ṣe lẹ́ẹ̀kan ni wọn kò ṣe.

Nítorí náà, kò tó kí ẹgbẹ́ sọ pé "ìjọba là ń bẹ̀rù." Ẹ bi ara yín léèrè: ìjọba tó máa ti áàpù kan ni, àbí èyí tó máa já gbogbo okùn, àbí èyí tó máa fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí kó lè máa gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ? Ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí ló léwu jù, torí ọjọ́ tó bá dé kò ní hàn sí yín.

3. Ọwọ́ ilé-iṣẹ́

Mo ní láti sọ̀rọ̀ Telegram níbí, torí orúkọ rẹ̀ ni mo ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá àṣírí. Òkìkí rẹ̀ ní ìdí. Ìjọba Rọ́ṣíà bẹ̀rẹ̀ sí í dènà rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2018. Telegram ń sá kiri lórí kọ̀ǹpútà Amazon àti ti Google, ìjọba ń lé e, wọ́n sì ti àìmọye àdírẹ́ẹ̀sì pa, débi pé àwọn oníṣòwò tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ fara gbá a. Nígbà tó di oṣù Kẹfà ọdún 2020, ìjọba náà jáwọ́. Ẹni tó bá ń wá ojú òpó tí kò ṣeé tì pa, ẹ̀rí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú gúrúùpù Telegram kò ní títì láti fóònù dé fóònù, èyí tí kì í jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ lè kà á. Àárín èèyàn méjì nìkan ni irú títì bẹ́ẹ̀ wà, àfi kí wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣí yàrá ìkọ̀kọ̀ rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ gúrúùpù wà lórí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ náà, lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, àwọn agbófinró ilẹ̀ Faransé mú Pavel Durov tó dá a sílẹ̀. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Telegram kéde pé bí aláṣẹ bá mú ìwé tó bófin mu wá, òun lè fún un ní nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́ẹ̀sì íntánẹ́ẹ̀tì ẹni tó bá rú òfin òun. Èmi ò bá wọn jà fún ìyẹn. Ohun tí mo ń sọ ni pé pápá ìkéde ni Telegram. Ẹ kéde níbẹ̀, ẹ má sọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ níbẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ yòówù kó jẹ́, ohun kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ju ọ̀rọ̀ yín lọ: orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yín. Bí wọ́n bá ti ojú òpó rẹ̀ pa lónìí, tàbí tí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣèèṣì gbá nọ́ńbà admin dànù, ẹgbẹ́ tó ti wà fún ọgbọ̀n ọdún lè má mọ bí yóò ṣe tún kó ara rẹ̀ jọ. Mo pe èyí ní àbùkù tó tóbi jù nínú ètò àwọn ẹgbẹ́ wa lónìí, ó sì rọrùn jù láti tún ṣe.

4. Kọ́kọ́rọ́, àti ẹni tó mú un dání

Àwọn àgbà tó wà níbí mọ ẹnà. Ẹni méjì a máa fi sọ̀rọ̀ lójú ẹni kẹta, ẹni kẹta a máa wò wọ́n lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹni kẹta bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó parí, torí ìlànà yẹn gan-an ni àṣírí. Títì ti òde òní yàtọ̀ sí èyí. Onímọ̀ kan, Auguste Kerckhoffs, ti kọ ọ́ ní ọdún 1883 pé ètò tó dára ni èyí tí ọ̀tá lè mọ gbogbo ìlànà rẹ̀, tí kò sì ní lè tú u, bí kọ́kọ́rọ́ kò bá ti sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlànà tí Signal ń lò wà ní gbangba, àwọn onímọ̀ sì ti yẹ̀ ẹ́ wò. Fóònù kọ̀ọ̀kan ló ń rọ kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, kọ́kọ́rọ́ náà kì í sì í kúrò níbẹ̀. WhatsApp gba ìlànà yìí fún gbogbo oníbàárà rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2016.

Kí wá ni ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì? Ó wà nínú ohun tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń tọ́jú. Ní ọdún 2016, wọ́n fi ìwé àṣẹ láti Virginia ní Amẹ́ríkà ní kí Signal kó ohun tó mọ̀ nípa àwọn nọ́ńbà kan wá. Ohun tí Signal rí kó kalẹ̀ ò ju ọjọ́ tí wọ́n ṣí àkáǹtì àti ọjọ́ tí wọ́n lò ó kẹ́yìn. Kò sí orúkọ gúrúùpù, kò sí orúkọ ọ̀rẹ́. Ohun tí èèyàn kò tọ́jú, kò sí bó ṣe lè gbé e fún ọlọ́pàá. WhatsApp, tí Facebook rà ní ọdún 2014, ń tọ́jú púpọ̀ ju ìyẹn lọ nípa ẹni tó wà nínú gúrúùpù wo.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan hàn yín lójú kòrókòró. Ẹ ṣí gúrúùpù WhatsApp ẹgbẹ́ yín, kí ẹ tẹ orúkọ rẹ̀ lókè. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ni yóò tò sílẹ̀, ti nọ́ńbà ti nọ́ńbà. Ẹni tó wọlé lánàá ń rí nọ́ńbà ẹni tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni ìjọba Nàìjíríà sì ti pàṣẹ kí wọ́n so síìmù kọ̀ọ̀kan mọ́ NIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ olówó rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ti di orúkọ, àwòrán àti àdírẹ́ẹ̀sì. Fún ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, kò burú. Wọ́n mọ ilé ara wọn tẹ́lẹ̀. Fún ẹgbẹ́ tó ń ran àwọn obìnrin tó sá fún ọkọ tó ń lù wọ́n lọ́wọ́, ó lè gba ẹ̀mí, torí bí ẹnìkan láti ìdílé ọkọ bá rí ọ̀nà wọlé fún ìṣẹ́jú kan, ó ti rí nọ́ńbà tuntun tí aya náà ń fi pamọ́.

Signal ṣì ń béèrè nọ́ńbà lọ́jọ́ tí èèyàn bá ń forúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọdún 2024 ó ti jẹ́ kí èèyàn lè fi orúkọ tó bá wù ú bo nọ́ńbà náà mọ́lẹ̀. Session àti SimpleX kì í béèrè nọ́ńbà rárá, àmọ́ ẹni tó mọ̀ wọ́n láàárín wa kò pọ̀, ojú òpó tí ọmọ ẹgbẹ́ kò bá sì lè lò, òfo ni.

5. Kí ẹgbẹ́ kọ́ ilé tirẹ̀ ńkọ́?

Ó ṣeé ṣe. Matrix wà láti ọdún 2014: ẹgbẹ́ lè ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá, kó sì máa bá ẹgbẹ́ mìíràn tó ní tirẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ti ọ̀kan pa, ìyókù ń ṣiṣẹ́ lọ. Ìjọba ilẹ̀ Faransé gbé ètò Tchap fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lé e lórí ní ọdún 2019, àwọn ọmọ ogun Jámánì náà ń lo irú rẹ̀. Mastodon tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2016 jọ ọ́ ní ti àìní olórí kan ṣoṣo, àmọ́ kò ti ọ̀rọ̀ mọ́lé: alábòójútó kọ̀ǹpútà náà lè ka èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ síra yín ní ìkọ̀kọ̀.

Èrò tèmi ni pé kí ẹgbẹ́ tí kò ní ju ẹnìkan lọ tó lè tún un ṣe má dán an wò. Iná ń lọ, owó rẹ̀ ṣe é san lóṣooṣù, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe sì lè rí físà gbà ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Lórí Matrix pàápàá, alábòójútó kọ̀ǹpútà ń rí ẹni tó wà nínú yàrá wo àti àkókò tó ń sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ tó bá kọ́ ilé tirẹ̀ ti gba agbára lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́, ó sì ti gbé e fún ọmọ ẹgbẹ́ kan. Ẹ tún bi ara yín léèrè: ṣé ẹni yẹn ni ẹ kò bẹ̀rù?

6. Inú ilé

Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Fóònù tó wà lọ́wọ́ wa gan-an ni ògiri náà. Lára ohun tó lé àwọn ọ̀dọ́ jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020 fún ìfẹ̀hónúhàn EndSARS ni pé àwọn ọlọ́pàá kan ń dá wọn dúró lójú títì, wọ́n ń gba fóònù wọn, wọ́n ní kí wọ́n ṣí i, wọ́n sì ń ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Kò sí títì tó lè gba èèyàn lọ́wọ́ ìyẹn. Ohun tó lè dín ewu náà kù ni kí ọ̀rọ̀ má pẹ́ lórí fóònù: Signal àti WhatsApp ní ètò tó ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ bá dá fún un. Bákan náà, WhatsApp máa ń gbé ẹ̀dà ọ̀rọ̀ lọ sórí Google Drive, ẹ̀dà náà kò sì ní títì láti fóònù dé fóònù títí di ọdún 2021. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ ló ń tan títì náà fúnra rẹ̀. Bí ẹnìkan ṣoṣo nínú gúrúùpù kò bá tàn án, ọ̀rọ̀ gbogbo yín wà níbẹ̀.

Ewu kan tún wà tó ga ju èyí lọ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, ilé ìwádìí Citizen Lab ní Toronto fi hàn pé bíṣọ́ọ̀bù kan àti àlùfáà kan ní Togo wà lára àwọn tí wọ́n fi ètò amí tí ń jẹ́ Pegasus dọdẹ ní ọdún 2019. Pegasus kì í já kọ́kọ́rọ́. Inú fóònù gan-an ló ń wọ̀, tó sì ń ka ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó tì í. Ẹni tí irú ìjọba bẹ́ẹ̀ bá ń wá, kó gbé fóònù jìnnà, kó sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ lójúkojú.

7. Àtakò kan

Ẹnìkan yóò dìde nígbà ìbéèrè, yóò ní: ṣé kì í ṣe àwọn ajínigbé àti gbájúẹ̀ lò ń kọ́ níṣẹ́ yìí? Ìbéèrè àgbà ni. Ẹ wo bí àwọn ajínigbé ṣe ń béèrè owó lọ́wọ́ ẹbí ní Nàìjíríà: ìpè fóònù lásán ni, lórí síìmù, lẹ́yìn tí a ti so síìmù mọ́ NIN. Kò sí títì kankan níbẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ń gba owó náà lọ. Ibi tí iṣẹ́ ọlọ́pàá ti kù díẹ̀ káàtó kọ́ ni gúrúùpù àwọn akọ̀ròyìn tàbí ti àwọn obìnrin tó ń sá fún ìyà. Bí a bá gba títì lọ́wọ́ wọn, a kò tíì gba ohunkóhun lọ́wọ́ ajínigbé.

8. Ibi tí mo fẹ́ kí a ti bẹ̀rẹ̀

Nígbà tí ìjọba Babangida fòfin de ìwé ìròyìn The News ní ọdún 1993, àwọn kan náà gbé ìwé ìròyìn Tempo jáde. Wọ́n rí i ṣe nítorí pé àwọn tó ń kọ ọ́, àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ àti àwọn tó ń tà á mọ ara wọn, ì báà sí ọ́fíìsì, ì báà má sí. Ohun tí mo ń bẹ ẹ̀yin aṣáájú ẹgbẹ́ fún nìyẹn. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹgbẹ́ àwọn tó jọ kàwé àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ̀yin tí ohun tí ẹ ń bẹ̀rù kò ju kí ojú òpó kan kú lọ, ẹ dúró sórí WhatsApp yín, ẹ yan admin mẹ́ta dípò ọ̀kan, kí akọ̀wé sì kọ orúkọ àti nọ́ńbà gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sínú ìwé ní alẹ́ òní, kí èèyàn méjì tọ́jú rẹ̀ sí ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ fi ẹnu kò lórí ibi kejì tí gbogbo yín yóò pàdé sí, kí èkíní tó bàjẹ́.

Ẹ̀yin akọ̀ròyìn, ẹ̀yin ajàfẹ́tọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń pa àwọn obìnrin tó wà nínú ewu mọ́, ẹ má kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ lọ sórí Signal, ẹ fi orúkọ mìíràn bo nọ́ńbà yín, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ máa pa rẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí gúrúùpù yín má sì tóbi ju iye èèyàn tí ẹ lè fọwọ́ sọ̀yà fún lọ. Ẹ ṣe é kí oṣù yìí tó parí, ẹ má dúró de ọjọ́ tí ìjọba tàbí ilé-iṣẹ́ kan yóò kéde.